Àga Kejì Nínú Mọ́tò Amẹ́ríkà

Ẹ bá mi pa máṣíìnì yẹn ná, alùpùpù yín yẹn, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ariwo ti di oúnjẹ fún yín. Láti ìdájí tí àwọn èèyàn ti ń gba àdúgbò Nyohini lọ síbi iṣẹ́, títí di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń padà bọ̀, pàà-pàà-pàà ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tí mo lè dá mọ̀ nínú wọn. Nígbà tiwa, bí mọ́tò bá ń bọ̀ lókèèrè, kó tó yọjú la ti máa mọ ẹni tó ni ín. Lọ́rì ẹlẹ́pà ń wúkọ́. Ti dókítà òyìnbó ń súfèé, nítorí bẹ́líìtì kan tí kò fẹ́ pààrọ̀. Ti bàbá mi, kíkùn ló ń kùn, láti inú ikùn wá, àwọn ọmọ Changli, àdúgbò wa, á sì ti máa sáré jáde nínú agbo ilé, wọ́n á máa ké ní Hausa pé, "Ga mota! Ga mota!" Mọ́tò rèé, mọ́tò rèé. Kí n má parọ́ fún yín, orí mi a máa wú.

Sàlámì ọmọ ọmọ mi ló dá a sílẹ̀ tí mo fi ń rántí. Lánàá ló gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú, ó ní, "Kàákà, ga shi! Òun nìyí, mọ́tò tí ẹ máa ń sọ. Tuntun ni o. Amẹ́ríkà ṣì ń ṣe é." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi etí ìró nu gíláàsì ojú mi, mo wo mọ́tò náà níwájú, mo wò ó lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ tó máa ń wà níwájú ti bọ́ sẹ́yìn awakọ̀ báyìí. Mo ní, "Sàlámì, mi ò rí ojú ẹbí lára eléyìí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Kàákà ti tún dé. Kò burú. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ẹ jókòó. Màá sọ bí ìdílé mọ́tò yẹn ṣe rí nígbà tí mo mọ̀ wọ́n, láti orí baba dé orí ọmọ, àti ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ó tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Tamale, ní ilẹ̀ Ghana yìí, nígbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù ú, ó ń kiri abẹ́rẹ́ àti òwú láti abúlé dé abúlé, títí ó fi di onísọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo gbọ́njú, abọ́ tánńganran, àtùpà àti aṣọ ló ń tà, ó sì ní lọ́rì kan tó ń kó ọjà rẹ̀ láti Kumasi. Ìyá mi ni Àbẹ̀kẹ́. Ní Tamale níbí ni wọ́n ti bí i. Yorùbá ni baba rẹ̀, Dàgọ́ńbà, ọmọ onílẹ̀, ni ìyá rẹ̀, ará Lamashegu. Ó lè bá ẹlẹ́ran jà ní Dàgbáànì, kó yíjú sí bàbá mi kó fi Yorùbá ṣe é ní pẹ̀lẹ́, kó tún fi Hausa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ìkòkò, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ ò lè mọ bí a ṣe pọ̀ tó nínú ọjà nígbà náà. Téèyàn bá wọlé láti ẹ̀gbẹ́ páàkì, èdè wa ló máa gbọ́ títí á fi dé ibi tí wọ́n ti ń ta iyọ̀. Àwọn obìnrin wa a máa to ìlẹ̀kẹ̀ àti gèlè síta láti àárọ̀, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa bá ara wọn jẹ kókò nínú igbá kan náà. Àwọn Dàgọ́ńbà tó bá fẹ́ ra àtùpà lọ́wọ́ bàbá mi, Hausa ni wọ́n á fi ná an, ṣùgbọ́n "ẹ ṣé" ni wọ́n á fi parí rẹ̀, inú wọn á sì dùn pé àwọn gbọ́ Yorùbá. Bí mo bá gba ojú ọjà yẹn kọjá lónìí, ara mi nìkan ni mò ń bá sọ ọ́. Ó ń dùn mí. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ, ẹ kì í fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìjà yẹn di ọjọ́ mìíràn.

Èkíní nínú àwọn mọ́tò náà dé nígbà tí mo ṣì ń di ìró ìyá mi mú rìn. Òyìnbó kan tó ń la ọ̀nà fún ìjọba ló ni ín. Ó fẹ́ máa lọ sílùú rẹ̀, kò sì rí ẹni tó máa rà á, nítorí àga méjì péré ló ní. Ta ní í ra mọ́tò aláàga méjì níbi tí ọkùnrin ti ń ní ìyàwó mẹ́ta mẹ́rin? Bàbá mi tó ní ìyàwó kan ṣoṣo ló rà á. Funfun ni, ó rí roboto, wọ́n sì fi àwọ̀n irin bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ya ìlú lẹ́nu ni ara rẹ̀. Kì í ṣe irin. Ohun kan báyìí ni tí wọ́n pò bí amọ̀ tó wá gbẹ. Àwọn àgbà á kírun tán, wọ́n á yà sílé wa, wọ́n á fi ìka kàn án lára, á dún kò-kò-kò. Bàbá arúgbó kan mi orí, ó ní, "Wàlláhì, igbá ni òyìnbó gbẹ́, tó wá so tààyà mọ́ ọn." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Onígbá.

Aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Òbúkọ ará ilé kejì gun orí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ já ewé máńgòrò tó ṣíji bò ó, aṣọ sì ya. Nígbà tí bàbá mi jáde láti lọ sí sọ́ọ̀bù, òbúkọ ló bá lórí àga, ó kọjú sí sítíárìn, ó ń jẹnu wọ́nwọ́n. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ bi í bóyá ó ní láísẹ́ǹsì." Bàbá mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tí òbúkọ náà bá ti ké, ojú rẹ̀ á le.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Nígbà náà, ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà ní ilẹ̀ yìí, bí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn gbogbo mọ́tò máa ń wà, kí awakọ̀ lè wà lẹ́bàá àárín títì, kó máa rí iwájú. Amẹ́ríkà kò bá wọn mu irú omi bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi sítíárìn tiwọn sí. Ẹ̀gbẹ́ igbó ni bàbá mi ń jókòó sí. Tí lọ́rì bá wà níwájú rẹ̀, ìdí lọ́rì nìkan ló ń rí, kò lè mọ̀ bóyá nǹkan ń bọ̀ lódìkejì. Ẹni tó bá wà lórí àga kejì ló ń rí i, ìyá mi ló sì ń jókòó síbẹ̀.

Bàbá mi á sún mọ́ ìdí lọ́rì, á bèèrè pé, "Àbẹ̀kẹ́, ó mọ́?" Ìyá mi á na ọrùn díẹ̀. Tí nǹkan bá ń bọ̀, á ní, "Kò mọ́. Sùúrù." Tí ọ̀nà bá ṣófo, á ní, "Ó mọ́, máa lọ!" Kò ní tíì pe "máa lọ" tán tí mọ́tò á fi bú, tí a ó ti fi lọ́rì sẹ́yìn pẹ̀lú eruku rẹ̀. Orí itan ìyá mi ni mo ti ń rí gbogbo rẹ̀. Bàbá mi kì í wò ó wò kó tó yà. Ohùn ìyá mi ló ń tẹ̀lé. Mo ti dàgbà, mo ti lọ́kọ, mo ti sin ọkọ, mi ò tíì rí ọkùnrin mìíràn tó gba obìnrin gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń ní, "Bàbá wọn, a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè." Bàbá mi á ní, "Olójú wo? Èmi ni mo ni ojú yẹn. Èmi ni mo san owó orí rẹ̀." Wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ohun kan tí bàbá mi kórìíra láyé ni kó jẹ eruku ẹlòmíràn. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló ń fara dà á. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ń lọ sílé ọkọ ní Tamale, mọ́tò wa ló ń gbé e yí ìlú po. Ìyàwó á jókòó sí àga kejì, ìbòjú á bò ó dé àyà, kò ní rí ohun kan. Ta ni bàbá mi fẹ́ bi pé ó mọ́? Á kàn máa tẹ̀lé ohunkóhun tó bá wà níwájú. Ìyàwó kan wà tó jẹ́ pé kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru igi ló ṣáájú rẹ̀ la gbogbo Lamashegu já. Wọ́n fi ń pe ọmọ tó bí ní Bàbá Oníkẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́ títí ó fi di géńdé.

Lẹ́yìn tí Ghana gba òmìnira, tí mo ti ń lọ sílé ìwé, bàbá mi ta Onígbá, ó lọ sí Accra, ó mú àbúrò rẹ̀ wá. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹ̀ bá rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n eléyìí sanra ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ gùn, irin dídán sì kún ẹnu rẹ̀. Dípò ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún lósì, méjì méjì ló ní. A pè é ní Olójú-mẹ́rin. Ìyá mi yí i po, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ojú mẹ́rin, kò sì ríran. Tèmi yìí náà ló ṣì máa yá lò."

Omi ni ìjà Olójú-mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí ẹ̀rọ omi nínú ilé, ẹ ò mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀gbẹlẹ̀ ní Tamale. Ní àkókò ọyẹ́, eruku á pa gbogbo nǹkan láró pupa, omi á sì di ohun à ń ru láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá mi fẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ wẹ̀ kó tó lọ sí Jimọ̀. Ìyá mi ní omi tí òun ru kò ní tú dànù sára igbá. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò: omi tí a bá fi ṣan aṣọ kẹ́yìn ni Olójú-mẹ́rin á fi wẹ̀. Nítorí náà, láàárọ̀ Jimọ̀, aṣọ wa àti mọ́tò bàbá mi a máa rùn lóòórùn ọṣẹ kan náà.

Bí ọdún Damba bá dé, tí àwọn ìjòyè Dàgọ́ńbà bá gun ẹṣin jáde, bàbá mi á páàkì síwájú ilé, á sì pa ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó kùn díẹ̀. Á ní, "Haba! Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lónìí. Àlejò kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onílé." Ẹ ṣì ń ṣe Damba, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi rí i pé máṣíìnì yín ń sáré wọ àárín ẹṣin báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń pa ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta wọn ló lẹ́wà jù, òun náà ló sì bà wá jẹ́. Ọwọ́ òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó wá bá wọn kọ́ ìsédò ńlá sórí odò ní gúúsù ilẹ̀ yìí ni bàbá mi ti rà á. Búlúù ni. Kò roboto mọ́, ó mú lẹ́nu, ó mú nídìí, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ méjì, nǹkan bí eegun ẹ̀yìn ló là á láàárín. Ojú rẹ̀ kì í ṣí ní ọ̀sán. Àfi tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí bàbá mi bá yí nǹkan kan nínú, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ṣí gìrì, àwọn ọmọ á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Adijú la pè é. Àga méjì náà ló ṣì ní. Àyè kékeré kan wà lẹ́yìn àga tí èmi àti Lásísì àbúrò mi máa ń ká ara wa sí, ṣùgbọ́n kò sí ìdérí bùútù rárá. Tí o bá fẹ́ gbé àpótí sínú rẹ̀, àfi kó o gbé e gba orí àga.

Láti rí i rà, bàbá mi ta lọ́rì.

Ìyá mi bá a sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ó ní, "Bàbá wọn, lọ́rì ló ń bọ́ wa. Adijú ò lè kó àpò ìrẹsì kan."

Bàbá mi ní, "Lọ́rì pọ̀ ní páàkì. Màá máa sanwó, wọ́n á máa bá mi kó o."

Ìyá bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó ti dàgbà, nǹkan funfun ti bò ó lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Orí ẹní ló wà tó ti dá sí i. Ó ní, "Ilé ńkọ́, ọmọ mi? Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ló ti kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Bàbá mi fọwọ́ gbá orí Adijú, ó ní, "Ìyá, ilé tèmi ń rìn. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ relé, inú rẹ̀ ni màá jókòó sí."

Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Mi ò dá a lẹ́bi nígbà náà. Èmi náà fẹ́ràn Adijú.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Nígbà tí àwọn ọdún yẹn ń parí lọ, ìjọba tuntun kéde lórí rédíò pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde, ọjọ́ tí wọ́n sì dá kò tó nǹkan. Ìwé wo? Ọdún tí bàbá mi lò ní Tamale pọ̀ ju èyí tó lò nílé lọ. Ní Changli, wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ síta, wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́, wọ́n ń kó ibùsùn, wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀ tó fi dà bí ẹni pé wọ́n ń fi tọrẹ. Àwọn Dàgọ́ńbà ará ilé wa ń rà á, wọ́n ń sunkún. Mo rí obìnrin kan tó ra ìkòkò lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ tó sì di ìkòkò náà mú tó ń ké. Lọ́rì wá di wúrà. Àwọn tó ní tiwọn kó ìyá, kó ọmọ, kó adìẹ, wọ́n sì lọ. Àwa, Adijú la ní.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, bàbá mi jókòó ní àgbàlá. Gbogbo wa mọ ohun tó ń rò. Ìyá rẹ̀ ò lè gun lọ́rì. Èmi àti Lásísì lè ká ara wa sẹ́yìn. Àga kan ló kù.

Ìyá mi ló sọ ọ́ jáde. Ó ní, "Ìyá ni kó jókòó sí àga kejì."

Bàbá mi ní, "Ta ló máa wá bá mi wo ọ̀nà?"

"Ẹ tẹ̀lé eruku àwọn tó wà níwájú. Ẹ ó dé."

"Àbẹ̀kẹ́!"

"Èmi á bá ẹrù bọ̀ nínú lọ́rì. Ẹ dúró dè mí ní Yendi, kí ẹ tó wọ Togo. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí, mo mọ Yendi jù yín lọ."

Bàbá mi sanwó àyè fún un nínú lọ́rì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi di wàsáwàsá, oúnjẹ èlùbọ́ iṣu, fún wa sínú ewé, ó bá ìyá àgbà tún ẹsẹ̀ tò nínú mọ́tò, ó sì tẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó ní, "Ìyá, tó bá bi yín pé 'ó mọ́?', ẹ ṣáà sọ fún un pé kó ní sùúrù." Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ohun tí mo rí kẹ́yìn láti inú gíláàsì tó là sí méjì yẹn ni ìyá mi, tó ń fi ọwọ́ kan júwe ọ̀nà fún bàbá mi bó ṣe ń fẹ̀yìn jáde.

Ọ̀nà Yendi kún fún lọ́rì, gbogbo wọn ń lọ síbì kan náà. Erùpẹ̀ pupa ò jẹ́ ká rí igi ẹ̀bá ọ̀nà. A ò tíì lọ jìnnà tí a fi bá ìdí lọ́rì kan pàdé, bàbá mi sì sún mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó mọ́?"

Ìyá àgbà tí kò rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ ló dá a lóhùn, ó ní, "Sùúrù, ọmọ mi."

Bàbá mi dẹ ẹsẹ̀. Kò tún bèèrè mọ́, kò sì ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ títí a fi dé Yendi. Bàbá mi, tí kì í jẹ eruku ẹlòmíràn, jẹ ẹ́ ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí, mi ò rò pé ó ń ríran.

Ní Yendi, a dúró. Lọ́rì dé ní ọjọ́ kejì. Àpótí ìyá mi dé, òun ò dé. Dẹrẹ́bà ò lè wo ojú bàbá mi. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, aboyún kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí sáré dé, kò sí àyè, ni Àbẹ̀kẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ó ní òun á wọ èyí tó ń bọ̀. Kò sí èyí tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ìjọba dá ti pé. Bàbá mi yí Adijú padà, ó kọjú rẹ̀ sí Tamale. Àwọn ọlọ́pàá tó wà lójú ọ̀nà ní ẹni tó bá padà, àtìmọ́lé ló ń lọ. Ìyá àgbà ń gbọ̀n nínú mọ́tò, ibà ti mú un. Bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí òrùlé. Ó wá wọlé, ó ní òun á gbé ìyá òun dé Ògbómọ̀ṣọ́, òun á sì padà wá mú Àbẹ̀kẹ́. Ó búra.

Adijú ò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ikùn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ jù fún ọ̀nà yẹn. Ní Togo, òkúta fa abẹ́ rẹ̀ ya, ọ́ìlì dà sílẹ̀, ara rẹ̀ tí kì í ṣe irin sì sán láti iwájú dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá mi tà á fún oníṣòwò kan níbẹ̀, lọ́rì onílọ́rì la sì wọ̀ la Dàhòmì já dé ilé. Ẹni tó ní ilé òun ń rìn, ọ̀ọ̀dẹ̀ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní yàrá kan.

Ìyá mi wà láàyè. Àwọn tó ń kó obì ló ń mú ọ̀rọ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Dàgọ́ńbà, ló wá bá a ní páàkì lọ́jọ́ náà níbi tó jókòó sí lórí ilẹ̀, ó mú un lọ sí Lamashegu, ó ní ta ló máa lé ọmọ àwọn. Bàbá mi ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀, wọ́n á mú un gba ẹ̀yìn igbó. Ìyá mi ránṣẹ́ padà pé, "Èmi ni mò ń wo ọ̀nà, èmi kọ́ ni mò ń wa mọ́tò. Kí awakọ̀ wá mú mi." Bàbá mi ní dájúdájú òun ń bọ̀, kí òun rí mọ́tò rà ná. Ó ní, "Mi ò lè fi ẹsẹ̀ wọ Tamale tí mo fi Adijú jáde níbẹ̀. Ìlú á fi mí rẹ́rìn-ín."

Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣì ń bí mi di òní. Ta ló fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín? Ṣé àwọn tó sunkún nígbà tá à ń lọ? Ọkọ̀ obì ń lọ, ọkọ̀ obì ń bọ̀. Bí ó bá jókòó sórí àpò, ó máa dé. Ìyá mi náà lágídí, ẹ má jẹ́ kí n fi bò. Àwọn tó ń wo ara wọn lójú lórí ọ̀nà, tí ọ̀rọ̀ kan péré ń tó fún, wọ́n wá ń fi ẹnu ẹlẹ́nu bá ara wọn jà láti ìlú sí ìlú, ọdún sì ń yí lu ọdún.

Nígbà kan tí èmi àti bàbá mi lọ sí Ìbàdàn, ọmọ kẹrin ìdílé mọ́tò yẹn kọjá níwájú wa. Ìbàdí rẹ̀ fún bí ti agbọ́n, ó gùn, ó sì pupa. Bàbá mi dúró sẹ́bàá títì, ó wò ó títí ó fi pòórá. Ó ní, "Èyí gan-an ni màá fi lọ mú Àbẹ̀kẹ́." Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya lọ́jọ́ náà. Kò ra mọ́tò mọ́ títí ó fi kú.

Èmi ni ẹbí ní kó lọ sọ fún ìyá mi. Nígbà tí mo wọ Ghana, mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ọ̀tún ni lọ́rì wa ń gbà. Mo pariwo, mo rò pé dẹrẹ́bà ti sùn lọ. Àwọn èrò fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní Màdáàmù, ó ti pẹ́ tí ìjọba ti yí i padà, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo mọ́tò ń gbà.

Mo bá ìyá mi ní Lamashegu, ó ń pa ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti funfun lórí. Ó dì mọ́ mi, ó ń pe oríkì mi, ó ń sọ Dàgbáànì mọ́ ọn. Mo sọ ohun tí mo wá sọ. Ó parí ẹ̀pà tó wà nínú igbá. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí òun ni. Mi ò lè fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà èmi ni mo dúró. Bí ẹ ṣe bá mi níbí nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jáde lọ jókòó sẹ́bàá títì. Mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀. Ìyá mi ń wò wọ́n, orí rẹ̀ ń tẹ̀lé wọn láti ọ̀tún sí òsì.

Ó ní, "Ṣé o rí i pé wọ́n ti yí ọ̀nà padà? Ọjọ́ tí wọ́n yí i ni mo ti mọ̀ pé ibi tó máa ń jókòó sí gan-an ló ti bọ́ sí àárín títì báyìí. Á máa rí gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ì bá dá a wà dé ibí, láìbi ẹnikẹ́ni." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo ṣáà ń rò ó pé tó bá dé, màá bẹ̀ ẹ́ kó ṣì máa bi mí."